Ọjọ́ Tí Ìgbẹ́ Gbuuru Dá Dúró

Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìtẹ̀lé ń pe àìsàn mi. Bí mo bá ti lè sọ pé mo yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ohun tí wọ́n máa bi mí ni pé ṣé mi ò tíì jáwọ́ nínú ṣúgà. Dókítà ti sọ fún mi tipẹ́ pé egbò ló wà nínú ìfun ńlá mi, pé àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ ni. Ta ni yóò gbọ́? Àwọn tá a jọ ń di bisikíìtì nílé iṣẹ́ ní Ṣàngó kò jẹ́ kí n mu mínírà lójú wọn mọ́. Inú bí mi débi pé ilé ìgbẹ́ ni mo ti ń mu ún.

Nígbà tó tún gbé mi dè, ìyá mi wá láti Ọ̀ṣun wá tọ́jú mi. Ó se àgbo jẹ̀dí. Ó ti rẹ̀ mí kọjá kí n máa bá a jiyàn, mo bá mu ún. Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru náà dá dúró pátápátá. Ìyá mi ń kọrin ọpẹ́, bẹ́ẹ̀ inú mi ń wú, ara mi ń gbóná. Nígbà tí mi ò lè dìde mọ́, ó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ní ẹ̀ka pàjáwìrì.

“Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe é, dókítà,” ló wí kí n tó lanu. “Ìgbẹ́ ti dúró, a dúpẹ́. Inú wíwú yìí ló kù.”

“Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí,” ni mo fìbínú sọ. “Egbò ìfun ni.”

Ojú dókítà obìnrin tó gbà wá níbẹ̀ yí padà. Wọ́n ya ẹ̀síréè inú mi kíá, ó sì wá jókòó ti ìyá mi.

“Mọ́mì, kì í ṣe pé ara rẹ̀ yá ni ìgbẹ́ fi dúró. Ìfun náà ló wú tí kò lè ti nǹkan jáde mọ́. Kò gbọ́dọ̀ bẹ́. Tí abẹ́rẹ́ ò bá ràn án, a máa ṣiṣẹ́ abẹ, a máa gé e kúrò.”

“Èmi ni mo fún un lágbo,” ni ìyá mi wí.

“Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ fún wa, mà. Àìsàn yìí fúnra rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì.”

Àánú ìyá mi ṣe mí, ìbínú mi sì rọlẹ̀.

Wọ́n ti rọ́bà bọ̀ mí nímú, wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ, n kò gbọ́dọ̀ mu. Nọ́ọ̀sì tó bá ti wọlé á béèrè pé, “Ṣé ẹ ti só?” Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá jáde, ìfun ti ń jí nìyẹn. Ìyá mi yìí, tó máa ń lé wa síta nítorí isó nígbà tá a wà lọ́mọdé, bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí náà, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, létí.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ dúró níwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń tẹ ikùn mi wò, ni mo bá só. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbọ́. Ìtìjú mú mi, mo fi aṣọ bojú.

Ìyá mi kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, omijé ń dà lójú rẹ̀.

“O ṣé, ọmọ mi,” ló wí. “Jọ̀ọ́, tún só.”