Aago Tó Pe Ìrun Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ní ọdún tí mo jẹ́ agùnbánirọ̀ ní Sókótó, àdúgbò Runjin Sambo ni mo gba yàrá sí, nínú ilé tọkọtaya kan, ọmọ Ìlọrin, tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní kọ̀ǹpútà, mo sì ní tèmi nílé, ògbólógbòó kan báyìí. Windows ni ètò tó ń darí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, Linux, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tan ẹ̀rọ náà, á kọ́kọ́ bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́ wọ̀.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀la, mo fi ohun kan sínú Linux tó máa ń pe ìrun lásìkò, kí n lè fi ya Ìyá onílé lẹ́nu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, mo dé láti ilé ìwé, mo tan kọ̀ǹpútà, mo ti fèrèsé nítorí eruku, mo ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ṣàdédé ni ẹ̀rọ pe ìrun. Mi ò tiẹ̀ yẹjú wo ìta. Mo mu omi tútù, mo jẹ dàbínù méjì. Mo gbọ́ ohùn Ìyá láti ilé ìdáná: "Alhamdulillah!"

Bàbá onílé tó jókòó sábẹ́ igi dógóyárò ló figbe ta: "Haba! Oòrùn wo ló wọ̀?"

Mo sáré jáde. Oòrùn ń ràn yòò lára ògiri. Ìyá di dàbínù tirẹ̀ mú, kò tíì fi sẹ́nu.

"Kọ́pà, ṣé o ti jẹ?"

"Mo ti jẹ ẹ́, Ìyá."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Bàbá ní kí n má jẹ nǹkan kan mọ́, pé n ó san ọjọ́ yẹn padà lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo dojú kọ ẹ̀rọ náà. Mo wọ Windows, aago pé. Mo wọ Linux, aago ti fi wákàtí kan sáré. Mo tún un ṣe níbẹ̀, mo padà sí Windows, tibẹ̀ fi wákàtí kan rẹ̀yìn! Mo lọ ra bátìrì kékeré tó ń gbé aago rẹ̀ ṣiṣẹ́, tuntun, ní Gawon Nama, pàbó ló já sí. Ní kafé kan ní Sama Road ni mo ti wá ka àlàyé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aago kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀rọ. Windows kà á sí aago Nàìjíríà. Linux kà á sí ti Lọ́ńdọ̀nù, ó wá ń fi wákàtí kan kún un. Nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo yí padà nínú fáìlì Linux kan, kí òun náà lè kà á sí aago Nàìjíríà. Mo wọ ibí, mo wọ ọ̀hún, bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Aago bára mu! Èmi nìkan hó yèè nínú yàrá.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ àti mọ́sálásí jọ pe ìrun pọ̀. Bàbá wá mi orí. "To, ó ti gbọ́ràn."

Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá ti ń wá jókòó tì mí nídìí ẹ̀rọ náà. Kí n tó kúrò ní Sókótó, òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan èyí tí a ó wọ̀. Linux ló máa ń yàn. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ jọ aṣọ tó ń tà jù.