Oògùn Pupa Inú Agolo Páúdà

Òórùn ògì kíkan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Agbowó nígbà tó lóyún àkọ́kọ́. Èébì kì í jẹ́ kó jẹun. Ògì lásán, láìsí mílíìkì, láìsí mọ́ínmọ́ín, ló fi ń jí tó sì fi ń sùn. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun bíi ti ẹni tó ń po ìyẹ̀fun, tó bá sì gun àtẹ̀gùn díẹ̀, yóò dúró mí.

Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, hóró pupa kéékèèké, pé kó máa lo ọ̀kan lójúmọ́. Èmi ni mo ní kó má lò ó. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí tèmi, wọ́n ní ọmọ ló tóbi jù, ojú ọgbẹ́ náà ṣì ń ro mí. Mo wá sọ ìrora ara mi di dókítà. "Oògùn yìí ló ń sọ ọmọ di ràbàtà nínú," ni mo wí. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n la inú ẹ bíi tèmi ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú agolo páúdà tó ti ṣófo. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé inú mi dùn lọ́jọ́ náà? Mo rò pé mo gba ẹnì kan là ni.

Lóòótọ́, wọn ò là á. Ọmọbìnrin náà wáyé kí oṣù rẹ̀ tó pé, ó kéré débi pé ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Nọ́ọ̀sì wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi, ó mi orí. "Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti oúnjẹ tó ń jẹ ni ọpọlọ ọmọ fi ń dàgbà nínú. Ta ló ní kí ẹ má lo oògùn?"

Àbúrò mi ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. "Kò sẹ́nì kankan, mà," ló wí. "Èmi ni mo gbàgbé."

Ọmọ náà ti pé ọdún méje báyìí. Ó pẹ́ kó tó jókòó, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Dókítà ní òun ò lè búra pé ohun kan ṣoṣo ló fà á. Mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ọkàn mi ló kọ̀.

Ní Sátidé kan tó wá kàwé lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà, mo rán an pé kó mú ṣíbí wá láti ilé ìdáná. Ó pẹ́, ó padà lọ́wọ́ òfo. "Mọ́mì àgbà, kí lẹ ní kí n mú wá?" Ẹ̀rín tí ìyá rẹ̀ rín lọ́jọ́ agolo yẹn gan-an ló ń rín.

Àwọn àna àbúrò mi ṣì ń sọ pé àìbìkítà rẹ̀ ló ba ọmọ jẹ́. Tí àbúrò mi bá wá mú ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, á ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú sùúrù." Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́, orí ọmọ ọlọ́mọ ló sì fọ́ sí. Àbúrò mi ò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni rí. Èmi náà ò sì tíì dárúkọ ara mi.