Ẹran Tó Gbẹ, Egbò Tí Kò Gbẹ

Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́, torí pé ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá yọjú sí yàrá rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń gba ẹran ọmú tí àwọn dókítà bá bù lára aláìsàn, tó ń gé e pẹlẹbẹ, tó ń gbé e síwájú ẹ̀rọ ẹ́síréè. Ẹ̀rọ yìí kì í ya egungun. Ìtànṣán tín-ín-rín kan ló ń la ẹran náà já, á fọ́n ká, á sì ya òrùka sójú ẹ̀rọ. Ọmú tó lera, tó lọ́ràá, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́lẹ̀ ló ń yà. Níbi tí jẹjẹrẹ bá ti da ètò ara rú, òrùka fífẹ̀ tó rí bàìbàì ló ń yọ, bí ẹni pé omi ni ìtànṣán là kọjá.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ń gba oríyìn iṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀, Onítáì. Onítáì kò gé ẹran rí. Bí wọ́n bá fún un lọ́bẹ, àfàìmọ̀ kó má gé táì ọrùn ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ẹran télọ̀ kan ló wà nílẹ̀, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ti gba oògùn fún oṣù mẹ́rin. Dókítà rẹ̀ ń dúró de èsì kan ṣoṣo: ṣé oògùn ti ṣẹ́gun àrùn náà, àbí kí wọ́n gé ọmú náà lọ́jọ́ Ẹtì?

Má-fọwọ́-kàn-án gé ẹran náà sí méjì. Ó kó ìdajì sínú yìnyín, ó tẹ́ ìdajì sórí òwú tútù nínú àwo kékeré, ó dé e, ó lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tó dé, àwo ti wà lójú fèrèsé, ní ṣíṣí, nínú oòrùn. Onítáì ló gbé e síbẹ̀ kí àwọn àlejò tó mú wá wo ẹ̀rọ lè rí fọ́tò tó dáa yà. Ẹran ti rí bí èèpo ọsàn tó ti pẹ́ nílẹ̀. Obìnrin náà kọ “Ó ti gbẹ” sára bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo, ó sì lọ mú ìdajì tó kù.

Kó tó padà, ọ̀gá ti ki àwo bọ ẹ̀rọ.

“Ẹ wá wò ó!” Onítáì ń fò sókè níwájú àwọn àlejò, fóònù létí. “Òrùka tẹ́ẹ́rẹ́! Ó ti gbẹ! Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ti ń pe dókítà kí wọ́n má gé obìnrin náà mọ́.”

“Kí ló gbẹ, ọ̀gá?”

“Egbò ẹ̀ ni! Jẹjẹrẹ ẹ̀!”

Obìnrin náà wò ó láti orí dé bàtà. “Omi ló gbẹ. Ẹran lẹ sá sóòrùn. Tẹ́ ẹ bá sá aṣọ tó bá gbẹ, ṣé ẹ máa ń sọ pé ara ẹ̀ ti yá ni?”

Àlejò kan bú sẹ́rìn-ín. Onítáì fọwọ́ tún táì ṣe. “Màmá, ẹ rọra o. Òrùka ńkọ́? Ojú yín ò rí i ni?”

“Omi tó wà lára àrùn yẹn ló ń mú òrùka fẹ̀. Ẹ ti lé omi lọ tán, kí ló máa wá fẹ̀?”

Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba nǹkan mímú lọ́wọ́ ọmọdé. “Dókítà, a ò tíì yẹ nǹkan kan wò. Ẹ fún mi ní wákàtí méjì.”

Ó gé ìdajì kejì, ó fi náìlọ́ǹ wé e ní tútù, ó jókòó tì í. Òrùka tó yọ fẹ̀, ó sì rí bàìbàì. Kò sẹ́ni tó yọ̀.

Wọ́n gé ọmú náà lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n bá àrùn níbẹ̀, láàyè, ó tó ẹyọ ẹ̀wà mẹ́ta.

Télọ̀ náà ti padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Ó wá dúpẹ́. Onítáì ló bá ní ẹnu ọ̀nà, òun ni télọ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rán táì aláwọ̀ búlúù kan fún un. Onítáì gbà á.

Ó ń so ó lọ síbi iṣẹ́.