Lẹ́tà tí Kò Dé Orí Dísíìkì

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ̀wé ní ìlú wa. Nínú ìdílé wa, ọmọ ni í wá bẹ òbí. Òbí kì í lọ bá ọmọ. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ọmọbìnrin mi fi gbé ilé kan náà ní Gwarinpa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọdún 2014 láìbá ara wa sọ̀rọ̀. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, mo sì sọ̀rọ̀ líle sí i.

Kánẹ́ẹ̀lì ni ó ń kọ, èyí tí í ṣe ètò tí ó ń pín ìrántí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fún gbogbo ètò yòókù. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí àìsàn gbé e dé ilé-ìwòsàn, ó pè mí láti ibẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, mo ti kọ lẹ́tà sí yín. Ó wà ní ṣíṣí lórí ẹ̀rọ mi. Ẹ lọ kà á."

"Ìwọ ni kí o wá fi ẹnu ara rẹ kà á fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá alágídí! Ó dáa, mo ń bọ̀."

Kò bọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, òjò ṣú. Èmi kò tíì lè jókòó sí àga rẹ̀ láti ka lẹ́tà náà. Mo lọ káàkiri ilé, mo yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri nítorí àrá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo yọ ti ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú. Èmi kò mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin kan tí òun àti ọmọ mi jọ ń ṣiṣẹ́ wá láti Lugbe. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó wá lẹ́tà náà títí, kò rí i.

"Mọ́mì, ta ló yọ iná ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni. Màmá ni wọ́n sì ń pè mí."

"Ẹ má bínú, Màmá."

Ó ṣàlàyé fún mi. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ni ó kọ ètò tí ó fi tẹ lẹ́tà náà. Ètò náà máa ń so fáìlì tààrà mọ́ ìrántí ẹ̀rọ, èyí tí ohun inú rẹ̀ máa ń parẹ́ bí iná bá kú; ohun tí ó bá dé orí dísíìkì nìkan ni ó ń kù. Ìrántí yìí pín sí ojú-ewé, ojú-ewé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn àmì tirẹ̀ nínú ìwé atọ́ka: ọ̀kan ń sọ pé ojú-ewé náà wà níbẹ̀, òmíràn pé a lè kọ nǹkan sí i, òmíràn pé ó ti yí padà ṣùgbọ́n kò tíì dé orí dísíìkì. Kánẹ́ẹ̀lì ni ó yẹ kí ó rí àmì ìkẹyìn yìí, kí ó sì kọ ojú-ewé náà pamọ́. Kánẹ́ẹ̀lì tí ọmọ mi kọ ni ẹ̀rọ náà ń lò, apá yẹn gan-an ni ó sì ń tún ṣe. Kò tíì parí rẹ̀.

"Ṣé àmì náà wà lórí lẹ́tà mi nígbà tí mo yọ iná?"

"Ó wà, Màmá. Kò kàn sí ẹni tó ń wò ó ni."

Ìlà kan ṣoṣo ni ọmọ mi ti fọwọ́ ara rẹ̀ pamọ́ kí ó tó máa bá ìyókù lọ. Obìnrin náà kà á sókè: "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú bí ẹ bá gbọ́ pé..."

Mo máa ń gbọ́ bí ẹni pé ènìyàn ń tẹ nǹkan nínú yàrá rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Èmi a jókòó sí pálọ̀, èmi a máa ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ lè tọrọ ìdáríjì fún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ti dárí wọn jì í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Èmi kò mọ̀ bóyá èyí tí ó bẹ̀ mí fún wà nínú wọn.