Ìwádìí Ilé Ọkọ Tó Gbé Wa Dé Creuse

Lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú ọkùnrin wá han ìyá rẹ̀ ní Smyrna, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ̀gbọ́n mi pè mí ní Riverdale. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí mọ́tò rẹ̀ gbé.

"Tíṣà, níbo ni wọ́n ń pè ní Creuse?"

Ẹ̀gbọ́n mi kì í pè mí ní Tíṣà àfi tó bá fẹ́ lò mí. Mo ti fi jiọ́gíráfì yọ àwọn ọmọ lẹ́nu nílé rí, kí n tó wá di ẹni tó ń ta ìnṣọ́ránsì ní Jonesboro, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Mo ní ilẹ̀ Faransé ni. Ó ní ọmọ náà ti sọ ìyẹn fún òun, irú èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lòun ń béèrè. Ọkọ rẹ̀ ti kú, èmi nìkan ni àbúrò tó ní nílùú yìí, nítorí náà àwa méjèèjì ni ìdílé. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ló sì bí.

"Mi ò ní fa ọmọ mi lé ẹni tí mi ò mọ ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́," ló wí. "Bó o bá rí ilé náà, a ó ṣe ìgbéyàwó. Bí o ò bá rí i, kó máa lọ ní àlàáfíà."

Nílé, iṣẹ́ yìí kò le. Ẹ ó wá ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ ìlú ọkọ, ẹni yẹn á bá yín rọra bi àwọn àgbà àdúgbò: ṣé ìjà kì í tán nínú ilé náà, ṣé àìsàn kan ń tọ ọmọ lẹ́yìn bàbá níbẹ̀, ṣé àwọn obìnrin tó ń fẹ́ ibẹ̀ ń pẹ́ níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ẹ ti mọ ohun tí ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo mọ̀ ní Creuse?

Ọmọkùnrin náà kò ní wàhálà kankan lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù ni kó máa kọ́ àwọn tí egungun wọn kán bí wọ́n á ṣe tún rìn. Ó dúdú bíi tiwa, ó ga, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lóòótọ́, àmọ́ ó tún gbé ara sókè, ó tún gbé e sílẹ̀, bí àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá. Mo ní kó dìde kó tó làágùn.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ka Creuse. Ọ̀kan ni nínú àwọn dípátímẹ́ǹtì tí àwọn Faransé pín ilẹ̀ wọn sí nígbà tí wọ́n ń dojú ìjọba ọba wọn bolẹ̀. Ẹ kàn rò ó bíi county tiwa níbí, ohun tí à ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀ nílé, bíi Clayton tàbí Cobb, kẹ́ ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú gan-an. Orúkọ odò tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé ló wà: òkè kéékèèké, òjò, òkúta líle, koríko. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò lawọ́. Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Paris lọ́dọọdún láti lọ mọ ilé fún ará Paris, wọn á sì padà wálé nígbà òtútù. Nígbà tó yá, wọn kò padà mọ́. Àwọn arúgbó ló kù, àti ilé tí fèrèsé rẹ̀ tì, àti màálù.

Mo gbé gbogbo èyí lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé, bàtà nọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sá tán," ló wí. "Ibẹ̀ lẹ fẹ́ mú ọmọ mi lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Atlanta ni ọmọkùnrin náà ń gbé. Kò lọ síbì kankan."

"Ta wá ni bàbá rẹ̀ ń bá gbé níbẹ̀?"

"Màálù."

"Ìwọ gan-an ni màálù."

"Tiwọn pupa dáadáa, mo rí fọ́tò."

Ó ju pílò lù mí. À ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìbátan ní Paris, ó sì bá wa fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i. Èsì dé lórí WhatsApp, ohùn ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń sọ̀rọ̀ bí adájọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pẹ́ nílẹ̀ Faransé. Èèyàn dúdú lè lọ ṣiṣẹ́ ní Creuse, mi ò jiyàn. Àmọ́ kó wá sọ pé ibẹ̀ ni ilé bàbá òun? Láti ìgbà wo? Ẹ bi í dáadáa o. Ọmọ yẹn ń fi nǹkan pamọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ká ọwọ́ lérí. "Mo wí! Mi ò wí? Ó purọ́ ìlú!"

"Mummy, he's not lying," ni ọmọ rẹ̀ ń sọ, omi ti kún ojú rẹ̀. "Daddy rẹ̀ dàgbà níbẹ̀. Lórí fáàmù."

"Ta ló bí daddy rẹ̀?"

Ọmọ náà kọjú sí mi. Mo bọ́ síta, mo pe ọmọkùnrin náà, mo sì bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó wá ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá mi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ti ń múra láti wá kí yín." Èmi tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀wọ̀n, mo ro ìpànìyàn.

Bàbá náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ga bí ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nípọn bíi ti àgbẹ̀. Faransé nìkan ló gbọ́, nítorí náà ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ fún wa sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé kéèkì pẹlẹbẹ kan wá láti Creuse, òórùn rẹ̀ dà bí ẹ̀pà yíyan. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á pẹ̀lú ọ̀yàyà, ó gbé e sórí tábìlì, kò sì ṣí i. Mo mọ ìdí rẹ̀. A kì í jẹ ohun tí ará ilé ọkọ gbé wá nígbà tí a kò tíì sọ pé a gbà. Bàbá náà ń wo kéèkì, ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Kò yé e, mi ò sì lè sọ fún un.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì bọ́ sí i láìfi ọ̀rọ̀ falẹ̀. "Ẹ má bínú. Ọmọ ta ni yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kì í ṣe Creuse ni wọ́n bí òun sí. Erékùṣù kan tó ń jẹ́ Réunion ni, nínú Òkun Íńdíà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Madagásíkà. Lọ́jọ́ kan nígbà tí òun kéré, mọ́tò ìjọba kan wá sí àdúgbò àwọn. Wọ́n sọ fún ìyá òun pé àwọn máa mú ọmọ náà lọ kàwé nílùú ńlá, pé á máa wálé ní gbogbo ọlidé. Ìyá òun kò mọ̀wé. Ó tẹ̀ka sórí ìwé wọn.

Wọ́n kó òun àti àwọn ọmọdé mìíràn sínú ọkọ̀ òfúrufú. Ní òwúrọ̀ tó jí ní Creuse, ó rí i pé èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn, ó rò pé iná ń jó wọn nínú. Ṣòkòtò péńpé ló wọ̀ nínú òtútù yẹn. Àwọn tó gbà á sílé ní kó máa da màálù, ìwé sì di ohun tó ń kà nígbà tí màálù bá gbà á láyè. Nígbà tó béèrè ọlidé, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti kú.

"Kí ló dé tí wọ́n kó yín lọ síbẹ̀?" Èmi ni mo bi í.

"Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti lọ tán," ló wí. "Ilé ṣófo, fáàmù ṣófo. Erékùṣù tiwa kún fún ọmọ tálákà. Àwọn aláṣẹ wo ó, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká kó látibí lọ dí tọ̀hún. Èmi nìkan kọ́. A pọ̀ gan-an."

Mo ti ka ìtàn ìlú tó ṣófo yẹn, mo ti fi pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rìn-ín. Kò sì wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ohun tí ìjọba máa ń ṣe sí ìlú tó bá ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. "Dúró ná. Faransé ni Creuse?"

"Faransé ni."

"Erékùṣù yẹn ńkọ́?"

"Faransé náà ni. Dípátímẹ́ǹtì ni òun náà, bíi Creuse gẹ́lẹ́."

"Wọ́n wá kó ọmọ láti Faransé lọ sí Faransé, tí ìyá wọn ò fi rí wọn mọ́?" Ó dìde, ó tún jókòó. "Háà! Inú orílẹ̀-èdè kan náà? Bíi kí wọ́n jí ọmọ mi ní Smyrna lọ sí Jonesboro, kí wọ́n ní mo ti kú?"

Ọmọkùnrin náà kò túmọ̀ ìyẹn. Bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ọ lójú ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní òun ti di géńdé kí òun tó rí ẹni tó sọ fún òun pé irọ́ ni, ìyá òun wà láàyè. Ó wọ ọkọ̀ òfúrufú, ó padà sí Réunion. Ó ti gbàgbé èdè wọn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, kò mọ ohun tó máa sọ. Ìyá rẹ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀, kò kí i, kò dì mọ́ ọn. Bí ẹni tó ń bá ọmọ ilé ìwé wí ló ṣe, ó ní, "Ọlidé yìí mà pẹ́ o." Gbogbo ọlidé ni ìyá náà máa ń fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀, tó máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ dè é.

Mo wá ẹ̀fẹ̀ kan tí mo lè ṣe, mi ò rí.

"Ṣé Màmá ṣì wà?" ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Wọ́n wà. Wọ́n ti darúgbó."

"Ẹ pè wọ́n."

"Ilẹ̀ ti ṣú lọ́hùn-ún, Mà," ni ọmọkùnrin náà wí.

"Ẹ pè wọ́n. Ilé bàbá tí mò ń wá, ìjọba ò fi í sílẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ ni mo máa fa ọmọ mi lé lọ́wọ́."

Wọ́n gbé fóònù ti ìgò omi lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì. Ojú arúgbó kan yọ, gèlè funfun kékeré lórí, ó sún mọ́ ọn jù tí a fi ń rí iwájú orí nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í kúnlẹ̀ fún pásítọ̀ pàápàá nítorí orúnkún tó ń dùn ún, kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú fóònù. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ilé o," ní Yorùbá. Arúgbó náà dá a lóhùn ní èdè tirẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kun.

Lẹ́yìn náà, arúgbó náà béèrè nǹkan. Ọmọkùnrin náà túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní ìgbà wo lẹ máa mú ìyàwó wá kí àwọn rí i."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sún síwájú, inú rẹ̀ dùn. "Holidays, Grandma! We'll come for the holi—"

"Rárá!" Ẹ̀gbọ́n mi bo ọmọ náà lẹ́nu. "Má fi ọlidé dá Màmá yìí lóhùn. Kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé. Tíṣà, wo kàlẹ́ńdà. Mú ọjọ́ kan. Ọjọ́ gan-an."

Mo ṣí kàlẹ́ńdà lórí fóònù tèmi. Mo dá ọjọ́. Ọmọkùnrin náà sọ ọ́ fún un. Arúgbó náà ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, òun náà sì wá fẹnu ara rẹ̀ pe ọjọ́ náà àti oṣù náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń wo ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó máa yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò yẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí fóònù kú, mo ràn án lọ́wọ́ láti dìde. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó fa kéèkì náà mọ́ra, ó ní kí n lọ mú ọ̀bẹ wá. Bàbá ọkọ ló kọ́kọ́ gé fún. Kéèkì náà le díẹ̀ torí ó ti rin ọ̀nà jíjìn. A jẹ ẹ́ tán.