Àpò Yanrìn Ìjọba Tó Bọ́ Sábẹ́ Ilé Ìyá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa wá láti Àkúrẹ́ sílùú wa.

Fún ẹni tí kò bá mọ ilé wa, etí òkun la wà, ní Ìlàjẹ, lọ́nà Awóyè. Ilé pákó orí òpó là ń gbé. Bí òkun bá ti dé ẹsẹ̀ òpó, a ó tú pákó, a ó sún ilé sẹ́yìn. Ilé ìyá mi ló kù níwájú. Láti ibẹ̀ lọ, omi ni.

Àjọ ìjọba kan ti gba owó nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì pé àwọn fẹ́ mọ ògiri tí yóò dá omi dúró. Ọdún yípo, a ò rí òkúta kan. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ti kọ ọ́ sínú òfin ìṣúná pé àjọ náà kò ní rí owó mìíràn gbà, àfi tí ìgbìmọ̀ àwọn bá fojú ara wọn rí iṣẹ́ tó ṣe. Òfin gidi, àbí?

Nígbà tó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ dé ni ọ̀gá kan láti àjọ náà sáré gbé ọkọ̀ ojú omi ńlá wá. Àpò yanrìn ló kún inú rẹ̀! Wọ́n tò ó sétí òkun, ó ga dé àyà. Ọ̀gá náà wá bẹ àwọn àgbà wa pé kí wọ́n ṣáà sọ pé iṣẹ́ ń lọ. Ó ní bí àwọn aṣòfin bá gbọ́ nǹkan mìíràn, wọ́n á yọ owó wa kúrò nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, omi á sì gbé wa lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Ọlọ́kọ̀, tó jẹ́ agbẹnusọ ìlú, gbà fún un. Ẹ̀rù ló bà á. Àwa yòókù náà sì dákẹ́.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ńkọ́? Omi ti kún, ó ti fà, ó ti da gbogbo àpò káàkiri etíkun! Ẹ̀yin ará odò náà kúkú mọ̀ wá: ohun tí òkun bá gbé sórí yanrìn, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni. Pákó ni o, jẹ́rìkàn ni o, àgbá òfìfo ni o, ta ní ń béèrè? Àwọn obìnrin bá kó àpò, oníkálùkù tò ó sábẹ́ ilé rẹ̀ kí òpó má baà yẹ̀. Ìyá mi ló kó jù. Kí n tó jí, ó ti tò ó yí òpó ká, ó ń kọrin ìjọ!

Ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àwọn aṣòfin bá yọ.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ kí wọn káàbọ̀, ó fún wọn lómi mu, ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí wọ́n mú òun lọ wo ògiri. Ọ̀gá àjọ, tó bá wọn wọ ọkọ̀ dé, ló ṣáájú, ó ń yan. Ó dé etí òkun, kò bá nǹkan kan! Bó ṣe bojú wẹ̀yìn, ó rí àpò lábẹ́ ilé ìyá mi. Ó lọgun pé ará ìlú ti jí iṣẹ́ ìjọba kó, ó ní kí ọlọ́pàá tó tẹ̀lé wọn mú ìyá mi.

"Ọma mi, òkun ló gbé e fún mi o," ni ìyá mi ń sọ fún mi, bí ẹni pé èmi ni adájọ́.

Nílé wa, ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà níwájú àlejò. Mo wo Bàbá Ọlọ́kọ̀, ó wolẹ̀. Ọlọ́pàá ti di ìyá mi lápá mú. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo figbe ta: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, àná ni wọ́n kó àpò yẹn wá! Àná!"

Alága bi Bàbá Ọlọ́kọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo rò pé á sẹ́. Ó wo àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá títí, ó wá ní òótọ́ ni, pé àjọ náà ò tíì mọ ògiri kankan.

Alága ní kí wọ́n fi ìyá mi sílẹ̀. Ó bi ọ̀gá náà pé ògiri tí omi lè tú ká bẹ́ẹ̀, ṣé òun ni wọ́n ná owó ìlú lé lórí?

Nígbà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun jáde, wọ́n ní kí àjọ náà kọ́kọ́ ṣàlàyé owó àtẹ̀yìnwá. Owó ògiri wa wà nínú òfin, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jáde, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ bá ti wá wo iṣẹ́. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Àkúrẹ́ nìkan. Òfin lè dára títí, bí àwa tí à ń gbé etí òkun bá bá irú àjọ yẹn purọ́, asán ni.

Ṣùgbọ́n ògiri ò tíì dé o! A ti tún ilé ìyá mi tú, a ti sún un sẹ́yìn. Bàbá Ọlọ́kọ̀ wá bá wa ru pákó. Bó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Ọma mi, o sòótọ́. Bí omi bá tún dé kí owó yẹn tó jáde, ṣé òótọ́ yẹn la ó fi dí i?"

Mo kàn gbé pákó mìíràn lé èjìká. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ládùúgbò yín, kí lẹ ṣe? Kí lẹ ò bá fi dá bàbá yìí lóhùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má pẹ́, torí òkun ò dúró de ẹnikẹ́ni níbí.