Ilé Jẹ́jẹ́ Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Bíríkìlà ni àbúrò mi ọkùnrin. Gúnrégé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò lè rí ògiri tó wọ́ díẹ̀ kó má dúró wò ó, ìbáà jẹ́ ògiri ilé ẹni tí kò mọ̀ rí.

Nígbà tí ìyá wa kú, ìjàpá rẹ̀ nìkan ni Gúnrégé ní kí wọ́n fún òun. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Nínú gbogbo ohun tí ìyá wa fi sílẹ̀, òun nìkan ló ṣì ń mí. Abẹ́ tábìlì ilé ìdáná ló ń sùn. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó Gúnrégé gbé omi gbígbóná, ó kọsẹ̀ lára Jẹ́jẹ́, omi sì bó ìyàwó náà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí egbò náà jinná, ó sọ ti ẹnu rẹ̀ láìpariwo.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ pa á o. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tó ṣì ń sùn nínú ilé ìdáná mi, ó di ti télọ̀ òdìkejì. Ó ti ń bèèrè ẹ̀ tipẹ́."

Gúnrégé gbé ṣọ́bìrì. Ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ tí oòrùn àárọ̀ sì ń kọ́kọ́ dé, ló gbẹ́ ihò kan sí fún Jẹ́jẹ́. Ó jẹ́ kí inú rẹ̀ ga ju ẹnu rẹ̀ lọ, kí omi lè máa ṣàn jáde. Ó to bulọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi pákó bo orí rẹ̀, ó tẹ́ tapólì lé pákó, ó sì kó erùpẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Orin ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sáré wá! Ṣé ẹ ti rí irú ẹ̀ rí?"

Mo kúnlẹ̀, mo yọjú wo inú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ló fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀, ó sì rẹ́ ẹ débi tó ń dán bí abọ́.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ sùn níbẹ̀ ni?"

"Bí ejìká mi bá gbà, kí ló dé?"

Ó gbé Jẹ́jẹ́ sẹ́nu ihò. Jẹ́jẹ́ wọlé, a hó yèè. Kò pẹ́ tó fi yọ orí padà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, tó sì kọjú sí ilé ìdáná. A gbé e padà, ó tún jáde. Ojú ọ̀run ti ṣú. Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku. Télọ̀ na ọrùn lórí ọgbà.

"Gúnrégé, ṣé kí n gbé apẹ̀rẹ̀ wá?"

"Gbé e wá, ká fi dé ẹ lórí!"

Ìyàwó Gúnrégé ò rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́, tó ti ń fi ọwọ́ ha ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ló ń wò.

"Ẹ wo èékánná ẹ̀. Ó fẹ́ walẹ̀, ẹ̀yin lọ rẹ́ ilẹ̀ fún un bíi pálọ̀ àlejò!"

Gúnrégé wo ilẹ̀ tó fi gbogbo ọkàn rẹ́. Ó mí kanlẹ̀. Ló bá ṣí tapólì, ó yọ pákó, ó sì gbá hámà mọ́ sìmẹ́ńtì náà: gbà! gbà! Èmi ń ṣa àfọ́kù. Ìyàwó rẹ̀ ń fi bàsíà ru erùpẹ̀ rírọ̀, ó ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀.

"Ẹ yára, ó ti ń kán sí mi lórí!"

Bí a ṣe da pákó àti tapólì padà ni òjò bọ́lẹ̀. Gúnrégé tún gbé Jẹ́jẹ́ sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ gbóòórùn ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan kàn án, ó dúró, ó fi èkejì kàn án, ni erùpẹ̀ bá ń fò jáde sí wa lẹ́sẹ̀. A rí ẹ̀yìn rẹ̀, a rí ìlàjì ẹ̀yìn rẹ̀, a ò rí nǹkan kan mọ́.

"Ó ti wọlé!" Ìyàwó Gúnrégé ló pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń fò sókè nínú òjò.

Gúnrégé ti dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó gbé etí sẹ́nu ihò.

"Ó ṣì ń walẹ̀ lọ síwájú! Ẹ wá gbọ́ ọ!"

Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ tì í, a sì gbọ́ ọ.